Kámẹ́rà Alápòótí

Six-20 Brownie D. Irin, gíláàsì, ìbora dúdú tó jọ awọ. Ilé iṣẹ́ Kodak ló ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1946.

Kò lo bátìrì. Fọ́tò 8 péré ni fíìmù kan ń gbà. Ẹni tó ń ya fọ́tò á gbé kámẹ́rà mọ́ àyà, ó tẹrí ba wo gíláàsì kékeré tó wà lókè, ó sì rọra tẹ irin ẹ̀gbẹ́. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Brownie D tí kò ní fíláàṣì ni ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere rà ní 1950. Ní 1961 ó ń yàwòrán fún tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa, onílé gogoro wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti ní kámẹ́rà tó ju èyí lọ nígbà náà.

Fíìmù 620 ni kámẹ́rà yìí ń lò, àmọ́ Kodak ò ṣe é mọ́ láti 1995. Àwọn tó ṣì ń lò ó a máa wọ inú òkùnkùn, kí wọ́n tú fíìmù 120 wé mọ́ kẹ̀kẹ́ 620. Fíìmù ò yàtọ̀, kẹ̀kẹ́ ló yàtọ̀.

Ẹ wo ihò pupa tó wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ la ti ń ka nọ́ńbà fọ́tò bí a ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí i á ya ìyàwó lé ọkọ lórí! Torí pé fíìmù òde òní tètè ń gba ìmọ́lẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń fi téèpù dúdú bo ihò náà.