Ẹ Dí Ojú Ìjò Kí Ẹ Tó Gbin Ẹ̀fọ́ Inú Páìpù

Ẹ̀fọ́ tí a gbìn sínú páìpù omi kò ní iyẹ̀pẹ̀ tó máa gbà á sílẹ̀. Bí omi bá jò tán lóru, oòrùn ọ̀sán á pa á.

Ẹ gé páìpù kó gún régé, ẹ fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀, ẹ nù ún kó gbẹ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á, ẹ tì í wọlé kíákíá, kí ẹ dì í mú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ bu omi kún un, ẹ fi bébà gbígbẹ nu oríkèé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rin bébà ń jò. Ẹ da omi nù, ẹ gé ibẹ̀, ẹ fi òmíràn sí i. Gọ́ọ̀mù kì í mú níbi tó tutù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dán an wò kí ẹ tó gbìn.