Gbígbé Kásẹ́ẹ̀tì Fídíò Àtijọ́ Sórí Kọ̀ǹpútà

Gbígbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ yíyí àwòrán àti ohùn tí a fi kámẹ́rà ánálọ́ọ̀gù gbà sórí téèpù padà sí fáìlì díjítà. Lára àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni VHS, VHS-C, Betamax, Video8 àti Hi8. Ní Erékùṣù Èkó, títí kan Ìsàlẹ̀ Èkó, irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdílé fi tọ́jú àwòrán ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti ìwúyè. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ẹ̀dà kejì. Bí téèpù náà bá bàjẹ́, tàbí bí a kò bá rí ẹ̀rọ tí ó lè kà á mọ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ìtàn

Sony gbé Betamax jáde ní Japan ní ọdún 1975. JVC gbé VHS jáde ní ọdún 1976. Ní ọdún 1983 ni Sony ta Betamovie, tí ó so kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbàwòrán pọ̀ sínú ẹyọ kan tí ènìyàn lè gbé lé èjìká. Video8 dé ní ọdún 1985, Hi8 sì tẹ̀lé e ní ọdún 1989.

Ní Nàìjíríà, VHS ni ó gbilẹ̀. Ọjà Ìdúmọ̀tà ní Erékùṣù Èkó di ojúkò òwò fíìmù orí kásẹ́ẹ̀tì, pàápàá lẹ́yìn tí Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò ní ọdún 1992. Nígbà tí ó ṣe, díìsìkì VCD gba ipò kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ní ọdún 2016, iléeṣẹ́ Funai ti Japan, tí a mọ̀ sí ẹni ìkẹyìn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ àlòkù nìkan ni ó kù.

Ìwúlò rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Fíìmù tí a tà ní Ìdúmọ̀tà ní ẹ̀dà púpọ̀ kí ó tó kúrò lórí àtẹ. Kásẹ́ẹ̀tì ìdílé kò rí bẹ́ẹ̀. Sáà kámẹ́rà fídíò bọ́ sí nǹkan bí ogún ọdún tí ó kẹ́yìn ìjọba Ọba Adéyínká Oyèkàn Kejì, tí ó jọba Èkó láti ọdún 1965 sí 2003. Ohùn àgbà tí ń ki oríkì ìdílé lè wà lórí téèpù bẹ́ẹ̀ láìsí níbòmíràn. Ilé tí kò sí mọ́ lè hàn lẹ́yìn àwọn oníjó. Ilojo Bar ní gbàgede Tinúbú, tí ìjọba ti kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, ni wọ́n wó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Fídíò òde tí a gbà nítòsí ibẹ̀ ti di ẹ̀rí ìtàn.

Bí téèpù ṣe ń bàjẹ́

Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni téèpù, tí a fi àtè lẹ lẹ́búlẹ́bú olóòfà mọ́. Ti VHS fẹ̀ tó mílímítà 12.7, ti Video8 àti Hi8 fẹ̀ tó mílímítà 8. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, agbára òòfà náà ń dín kù, àwọ̀ sì ń ṣá. Ọ̀rinrin ń mú àtè náà rọ̀, ewu yìí sì pọ̀ ní erékùṣù tí omi yí ká. Bí ohun funfun bí ìyẹ̀fun bá hàn lára téèpù, ó ti bu. A kò gbọdọ̀ ki irú rẹ̀ bọ ẹ̀rọ kí a tó fọ̀ ọ́ mọ́, nítorí yóò ba orí ẹ̀rọ tí ń ka téèpù jẹ́, yóò sì ran kásẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é

Ohun mẹ́ta ni a nílò: ẹ̀rọ tí ó lè ka kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀rọ kékeré oní-USB tí ń sọ àmì ánálọ́ọ̀gù di díjítà, àti kọ̀ǹpútà tí ó ní sọ́fítíwíà bíi OBS Studio tàbí VirtualDub. VHS-C lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ VHS bí a bá fi í sínú páálí rẹ̀. Video8 àti Hi8 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà irú tiwọn ni a ó wá.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a ṣẹ́ etí ike kékeré tí ó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì VHS, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e. A ó yí téèpù dé òpin, a ó sì yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ó lè tú dáadáa. Wáyà oníyẹ́lò ń gbé àwòrán. Funfun àti pupa ń gbé ohùn. Bí ẹ̀rọ bá ní ihò S-Video, òun ni kí a lò fún àwòrán, nítorí ó mọ́ ju ti oníyẹ́lò lọ.

Iṣẹ́ náà kò ṣeé kánjú: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta yóò gba wákàtí mẹ́ta. Bí iná bá lọ láàárín, fáìlì lè bàjẹ́, a ó sì tún ka téèpù tí ó ti gbó lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ fídíò wà lórí inverter tàbí UPS.

PAL àti NTSC

Nàìjíríà ń lo ìlànà PAL, tí ó ní ìlà 625 àti àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. NTSC ni Amẹ́ríkà lò, tí ó ní ìlà 525 àti àwòrán bí 30. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà lè fara hàn ní dúdú àti funfun, tàbí kí ó máa yí lójú amóhùnmáwòrán, láìjẹ́ pé ó bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí ó mọ ìlànà méjèèjì ni ojútùú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì láti Lọ́ńdọ̀nù kì í ní ìṣòro yìí, nítorí PAL ni Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lò.

Fáìlì àti ìpamọ́

Ìwọ̀n àwòrán PAL ni 720 × 576. Láìfún un pọ̀ rárá, wákàtí kan lè gba nǹkan bí gígábáìtì 75. Àwọn ilé ìpamọ́ kan ń lo FFV1, tí ó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù láìsọ ohunkóhun nù. MP4 kéré gan-an, ó sì tó fún wíwò lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí òun nìkan jẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ̀dà méjì ó kéré tán ni ó yẹ kí ó wà lórí háàdì díìsìkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn. A kì í ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù, nítorí ẹ̀rọ tí ó dára ju ti ìsinsìnyí lè tún kà á.

Èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú

Ní ọdún 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ IASA bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ kan káàkiri àgbáyé pé àkókò tí a ṣì lè fi ka téèpù olóòfà ti ń tán lọ. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní ẹ̀dà kejì ni ó yẹ kí ó ṣáájú, lẹ́yìn náà èyí tí ó ti ń bàjẹ́, kí fíìmù tí a rà lọ́jà tó tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́, ibi, ayẹyẹ àti orúkọ àwọn tí ó hàn yẹ kí ó wà ní àkọsílẹ̀ pẹ̀lú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àwọn àgbà ilé nìyí, nítorí kọ̀ǹpútà lè pa ojú mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó lè sọ ẹni tí í ṣe.