Ibi Tó Yẹ Kí Abẹ́rẹ́ Wọ̀

Ọ̀nà mẹ́rin ni oògùn abẹ́rẹ́ sábà máa ń gbà wọ ara: àárín awọ, abẹ́ awọ, inú ẹran àti inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Oògùn tí wọ́n fẹ́ fún aláìsàn ló ń pinnu èyí tí wọ́n máa lò. Ìyá ọlọ́jà tó ń tajà ní Akẹ̀sán, níwájú ààfin Aláàfin nílùú Ọ̀yọ́, tó bá ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára déédéé, yóò ti rí mẹ́ta nínú wọn kí ọmọ náà tó pé ọdún kan.

Abẹ́rẹ́ BCG ló máa ń ṣáájú. Ikọ́ fée ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gún un fún ọmọ tuntun, àárín awọ apá òsì lókè ló sì ń wọ̀. Nọ́ọ̀sì á dá abẹ́rẹ́ náà dùbúlẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí awọ. Oògùn inú rẹ̀ kò ju 0.05 mílílítà lọ. Bó bá wọ̀ dáadáa, awọ á wú róbótó lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn á rọlẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ibẹ̀ á tún lé, á di egbò kékeré, á sì fi àpá sílẹ̀. Àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ni. Kí wọ́n má fi àgbo wẹ egbò náà, kí wọ́n má sì fi oògùn kankan pa á. Á jinná fúnra rẹ̀.

Abẹ́ awọ ni ti ibà pọ́njú àti ti èéyi, tí ọmọ ń gbà lóṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀rá ló wà níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ sì ni oògùn ń ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ìnsúlínì àwọn alátọ̀gbẹ ń gbà, nítorí bí wọ́n bá gbé e mì, inú á dà á bí ìgbà tó ń da oúnjẹ. Kí alátọ̀gbẹ máa pààrọ̀ ojú ibi tó ń gún, kí ibẹ̀ má baà le gbandi.

Inú ẹran ni wọ́n ti ń dá abẹ́rẹ́ dúró ṣánṣán. Ibẹ̀ ni ti àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì fún aláboyún, àti ti HPV tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní 2023 nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Apá ni àgbàlagbà ń gbà á sí. Ìhà ìta itan ni ti ọmọ ọwọ́. Ìdí ọmọdé ló léwu jù. Iṣan ńlá tó ń gbé agbára àti ìmọ̀lára lọ sí ẹsẹ̀ gba ìdí kọjá, ẹran tó bò ó lára ọmọdé kò sì nípọn. Bí abẹ́rẹ́ bá kàn án, ẹsẹ̀ lè rọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ara àwọn mìíràn ń yá, àwọn mìíràn sì ń tiro títí ayé. Àwọn ọmọ tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ibà sí ìdí pọ̀ nínú àwọn tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ní Nàìjíríà, ó sì dunni gidi, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni ìbá ti fi oògùn oníhóró gbádùn.

Èyí tó ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló yára jù lọ. Bí oògùn ibà tó ń jẹ́ atẹ́súnétì bá ti wọlé fún ẹni tí ibà ti dá dùbúlẹ̀, kò ṣeé fà padà mọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni.

Sírínjì tuntun ni kí wọ́n tú níṣojú aláìsàn, ẹnì kan ṣoṣo ni kí wọ́n sì lò ó fún, torí sírínjì àlòkù ń kó jẹdọ̀jẹdọ̀ àti kòkòrò HIV ranni. Òfin kò fún oníṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láyè láti gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Kí òbí béèrè orúkọ oògùn àti ibi tí wọ́n fẹ́ gún un sí. Bí wọ́n bá ní ìdí ọmọ ni, kó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.