Ilẹ̀kùn Tí Aládùúgbò Méjì Jọ Kàn: Àlàyé Lórí Ọkàn àti Dígí Inú Ojú

Lọ́dún yìí, ohun kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí ni a fẹ́ ṣàlàyé. Òun ni ó ń jẹ́ kí ọkàn lù ní àlùpọ̀, òun náà ni ó ń jẹ́ kí dígí inú ojú mọ́ kedere. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn bàbá àti ìyá wa tí funfun ń bò lójú, ó sì kan ọmọ-ọwọ́ pẹ̀lú.

1. Agbo-ilé inú ara

Ẹni tó bá dúró lórí Òkè Màpó, tó wo Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba nísàlẹ̀, yóò rí òrùlé páànù tó fara kan ara wọn. Nínú agbo-ilé àtijọ́, ẹni tó fẹ́ bu iyọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò kì í jáde sí títì. Ilẹ̀kùn àárín wà, ibẹ̀ ni yóò gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn rí. Yàrá kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ọ, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ògiri tirẹ̀. Ilẹ̀kùn wà láàrin ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Purotéènì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní connexin ni a fi kàn án. Ẹyọ mẹ́fà yóò pagbo, ihò yóò sì wà láàrin wọn bí ihò ìlẹ̀kẹ̀. Ìdajì ilẹ̀kùn nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì kejì yóò kan ìdajì tirẹ̀ láti apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni ọ̀nà tó ṣí. Sẹ́ẹ̀lì kan kò lè dá a kàn.

Ọ̀nà náà tóóró. Iyọ̀, ṣúgà àti àwọn ohun kéékèèké mìíràn ń kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n purotéènì ńlá kò lè kọjá. Ilẹ̀kùn náà sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó tì. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá fara gbọgbẹ́, tí kálísíọ̀mù ya wọ inú rẹ̀, àwọn tó yí i ká yóò ti ilẹ̀kùn kí ìpalára náà má baà ràn wọ́n.

Ní 1952, Silvio Weidmann fi hàn pé iná mànàmáná ń ti inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn kan bọ́ sí òmíràn. Ní 1967, Revel àti Karnovsky fi ẹ̀rọ amóhuntóbi wo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ èkúté, wọ́n sì rí àwọn ọ̀nà náà tí wọ́n tò bí afárá oyin. Irú connexin 21 ni a mọ̀ lára ènìyàn lónìí.

2. Ọkàn

Lókè ọkàn lápá ọ̀tún, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí í ṣe aṣíwájú. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń pàṣẹ ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n báwo ni àṣẹ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù?

Ẹ wo mọ́sáláṣí tí kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn tó wà nínú sáàfù ẹ̀yìn kì í gbọ́ ohùn lèmọ́mù. Ẹnì kan ni yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀ tí yóò gbé e sókè, gbogbo èrò yóò sì jọ tẹ̀ rúkúù. Bákan náà ni sẹ́ẹ̀lì ọkàn kan ń gba àṣẹ, tó sì ń fún èkejì láti ojú ilẹ̀kùn connexin. Connexin 43 ló pọ̀ jù ní yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn tí ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìpẹ̀kun sẹ́ẹ̀lì ni ilẹ̀kùn wọ̀nyí pọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí àṣẹ fi ń yára lọ tààrà. Ohun ìyanu ni pé ẹyọ connexin 43 kan kì í lò ju wákàtí díẹ̀ lọ, ara yóò tú u, yóò sì ṣe tuntun rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọkàn mọ́, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú bá mú kí ọkàn wú fún ọdún pípẹ́, ilẹ̀kùn yóò dín kù, yóò sì kúrò ní ipò rẹ̀. Àṣẹ yóò ṣìnà, ọkàn yóò máa lù ségesège, ènìyàn sì lè ṣubú lójijì. Nítorí náà, kí ẹni tí dókítà fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe pa á tì nítorí pé kò sí ibi tó ń dùn ún.

3. Dígí inú ojú

Lẹ́yìn ọmọlójú ni dígí ojú wà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan kò wọ inú rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ìbá dínà ìmọ́lẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí a tó bí wa, a kì í sì í pààrọ̀ wọn. Ta ni ń bọ́ wọn? Omi inú ojú ni, àti ilẹ̀kùn connexin 46 àti connexin 50 tí iyọ̀ àti oúnjẹ ń gbà kọjá láti sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì.

Bí ilẹ̀kùn bá bàjẹ́, kálísíọ̀mù yóò kó jọ, àwọn purotéènì inú dígí yóò sì dì pọ̀. Ẹ ti rí omi ẹyin adìyẹ nínú epo gbígbóná: ó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀, ó wá di funfun. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí dígí ojú jọ ọ́. Kataráàtì ni wọ́n ń pè é. Ní 1998 àti 1999, àwọn onímọ̀ rí i pé àbùkù tí a jogún nínú connexin 50 àti 46 lè mú kí a bí ọmọ pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló ń fà á o: ọjọ́ orí, ìtọ̀ ṣúgà àti ìfarapa wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Etí náà ní tirẹ̀. Ní 1998 kan náà, a rí i pé àyípadà nínú connexin 26 ló fa adití tó pọ̀ ní abúlé Adamorobe ní Gánà láti ìran dé ìran. Ọmọ tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló ń ya adití. Èpè kọ́, àjẹ́ kọ́.

4. Kí ni ká ṣe?

Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn afọ́jú tó ti tó ọmọ 40 ọdún sókè, kataráàtì ló fa ti nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kataráàtì sí, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì tó jẹ́ pé alábẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ ló ṣe é.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ʿAmmār al-Mawṣilī, oníṣègùn ojú tó ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì, ṣàlàyé ní èdè Lárúbáwá bí òun ṣe ń fi abẹ́rẹ́ oníhò fa kataráàtì jáde. Alábẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ kì í fà á jáde. Ṣe ló ń tì í sẹ́yìn sínú ojú. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lè wọlé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú púpọ̀ ni ó ń fọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, irú UCH wa ní Ìbàdàn, dókítà yóò yọ dígí tó ti dì, yóò sì fi tuntun sí i.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí funfun nínú ọmọlójú ọmọ yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́sẹ̀ náà gan-an. Láti oṣù àkọ́kọ́ láyé ni ọpọlọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń ríran. Bí ó bá pẹ́ jù, a lè tún dígí ṣe kí ọmọ náà má sì ríran dáadáa mọ́. Nígbà mìíràn pàápàá, jẹjẹrẹ inú ojú ni funfun náà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, bí ìyá àgbà bá ń táràrà kó tó rí ọ̀nà, ẹ má kàn pè é ní ogbó. Ẹ sọ fún bàbá yín, kí ẹ sì mú ìyá àgbà lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn.