Ìtọ́jú Kì í Ṣe Bíbó: Àlàyé lórí Ìtọ́jú Awọ Ara Lójoojúmọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ létí àwọn kan. Wọ́n lè bi wá pé, ta ni kò mọ bí a ṣe ń wẹ̀ àti bí a ṣe ń para? Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọjà, tí a rí oríṣiríṣi ìpara lórí àtẹ, tí a sì rí àwọn tí ń po mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ nínú abọ́ kan fún oníbàárà, a óò gbà pé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní kékeré. Èrò tiwa ni pé ohun mẹ́ta péré ni ìtọ́jú awọ ń fẹ́: kí a wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí a fi ọ̀rá pa á, kí a sì bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Ohun yòówù tí ó bá ju èyí lọ, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ wádìí rẹ̀ dáadáa kí ó tó fi kan ara.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí awọ jẹ́. Awọ ni ẹ̀yà tí ó tóbi jù lọ lára ènìyàn, ìpele-ìpele ni ó sì wà. Ìpele òkè pátápátá jẹ́ èépá tí ó ti kú, tí ó tò léra bí páànù orí ilé, tí ọ̀rá sì dí àárín rẹ̀ pa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dá omi inú ara dúró, kí ó má sì jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, èyí tí ó wà lókè yóò ti re dànù, tuntun yóò sì ti rọ́pò rẹ̀. A rí i nígbà náà pé awọ ń tún ara rẹ̀ ṣe láìsí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́. Ìrànlọ́wọ́ lásán ni ìtọ́jú tiwa jẹ́ fún un.

Wíwẹ̀ ni àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, láti 0 títí dé 14. Ohun tí ó wà lábẹ́ 7 a máa kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Èyí tí ó ju 7 lọ wà ní ẹ̀gbẹ́ omi eérú. Awọ tí ara rẹ̀ dá wà ní nǹkan bí 5, ṣùgbọ́n eérú ni a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú wa, ó sì sábà máa ń tó 9 tàbí 10. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọṣẹ ilé-iṣẹ́ rí. Èyí kò wí pé ọṣẹ burú. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé bí ọṣẹ bá pẹ́ lára, yóò wẹ ọ̀rá àárín èépá náà lọ, awọ yóò sì máa hún. Nítorí náà, ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ lè fi ọṣẹ sí abíyá, ojú ara àti ẹsẹ̀, kí omi nìkan sì tó fún ibi tí ó kù. Kí a máa fi ọṣẹ tí kò le bọ́jú láàárọ̀ àti lálẹ́, kí a sì ṣan án kúrò pátápátá. Kànìnkànìn tí ó rọ̀ ni kí a lò. Ẹni tí ó ń fi agbára ha ara kí ó lè mọ́ ni ó ń fa àpá dúdú sí ara rẹ̀ lọ́rùn.

Pípara ni èkejì. Kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán lára ni ó yẹ kí a para, nítorí iṣẹ́ ọ̀rá ni láti sé omi náà mọ́ inú awọ. Àwọn ìyá wa mọ èyí. Bí wọ́n bá wẹ ọmọ tuntun tán, wọn a mú òrí, èyí tí ó ti ara igi emì ilẹ̀ ọ̀dàn wá, wọn a yọ́ ọ lọ́wọ́, wọn a sì fi pa ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Òrí ṣì wúlò títí di òní, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí irorẹ́ ń yọ lójú, kí ó fi òrí mọ sí ara, kí ó sì wá ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ojú.

Ìbòòrùn ni ẹ̀kẹta. Àwọ̀ dúdú tí ó wà nínú awọ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mẹ́láníìnì, agbòòrùn àdánidá ni. Ó ń gba ìtànṣán tí ojú kò lè rí, èyí tí ń ba awọ jẹ́, kí ó má ba à dé ìsàlẹ̀. Àwọn àfín kò ní èyí tó. Nítorí náà ọ̀ràn ẹ̀mí ni aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, àkẹtẹ̀ àti ìpara ìbòòrùn tí a kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára jẹ́ fún wọn. Dúdú náà kò gbọdọ̀ fojú di oòrùn ọ̀sán. Ẹni tí irorẹ́ fi àpá sílẹ̀ fún yóò rí i pé àpá náà ń dú sí i bí oòrùn bá ń pa á.

Mẹ́ta náà ni yìí. Láàárọ̀, kí a wẹ̀, kí a para, kí a bo ara lọ́wọ́ oòrùn. Lálẹ́, kí a wẹ̀, kí a para, kí a sùn. Bí a bá ra ohun tuntun, kí a kọ́kọ́ máa fi sí apá nínú, níbi kan ṣoṣo, fún ọ̀sẹ̀ kan, bóyá yóò yún tàbí yóò sú. Kí a má sì retí àyípadà kí oṣù kan tó pé, nítorí iye àkókò tí awọ fi ń pààrọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le. Ọ̀pọ̀ tí ó ní ìtọ́jú ni òun ń ṣe, bíbó ni ó ń bóra. Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí bò rárá. A máa ń bó ọsàn, a máa ń bó ẹ̀pà. Ohun tí a bá sì bó, jíjẹ ni a fẹ́ jẹ ẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ nínú ìpara ìbóra. Mẹ́kúrì ń gba ara wọlé, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Japan ní ọdún 1913 ó lé ọgọ́rùn-ún, èyí ni 2013, lòdì sí ṣíṣe irú ìpara bẹ́ẹ̀ àti kíkó o láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Nàìjíríà náà sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2018. Ìkejì ni hydroquinone. Ní ọdún 1975, àwọn dókítà ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé nípa àwọn tí wọ́n fi í para títí tí ojú wọn fi dú bí aró. Ní ọdún 1990, ìjọba ibẹ̀ fòfin dè é nínú ìpara ẹwà. Ìkẹta ni steroid, tí dókítà ń lò fún àrùn awọ fún ìgbà díẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ ọ́ di ìpara ojoojúmọ́, awọ yóò fẹ́lẹ́, yóò máa fà ya, ọgbẹ́ yóò sì pẹ́ kí ó tó jinná. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹni tí ó bá ti ń lò ó pẹ́, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì. Kí ó lọ rí dókítà.

A kò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Àwọn mìíràn kò mọ ohun tí ó wà nínú ohun tí wọ́n rà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ìpara tí a kò kọ ohun tí a fi ṣe é sí lára, tàbí tí ó ṣèlérí àwọ̀ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò yẹ ní rírà.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a rántí pé Yorùbá ń yin adúmáadán, ó sì ń yin apọ́nbéporé. Ẹni tí a bí ní dúdú kò ṣẹ̀, ẹni tí a bí ní pupa kò sì ṣẹ̀. Nínú adúmáadán, dídú ni ẹ̀bùn tí a bí mọ́ ni. Dídán ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Dídán náà ni omi, ọ̀rá àti òjìji ń fún wa. Ẹ má jẹ́ kí a ba ẹ̀bùn jẹ́ nígbà tí iṣẹ́ tí a yàn fún wa kò ju kí a mú un dán lọ.