Kí Ẹ Tó Ra Ańpilifáyà, Ẹ Yí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wò

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iye tó wà lára ẹ̀: 5,000 wáàtì!" Ọmọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ti na ìka sí bébà pupa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú ańpilifáyà náà. Mo ní kó bá mi yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti wọlé, lẹ́tà wínníwínní kan sọ pé 60 wáàtì ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 60, níbo ni yóò ti rí 5,000 tí yóò gbé fún sípíkà?

Lẹ́tà mẹ́rin ló sábà máa ń tẹ̀lé irú iye bẹ́ẹ̀: PMPO. Kò sí òṣùwọ̀n kan pàtó tó de ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀. Èyí tí ẹ óò béèrè ni RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdánudúró, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àbùmọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó pọ̀ débi pé ní ọdún 1974, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi òfin de bí wọ́n ṣe ń kéde agbára ańpilifáyà ilé.

Wáàtì mélòó wá ni pálọ̀ nílò? Kò tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ wo ìwé tó bá sípíkà yín wá, ẹ óò rí iye bíi 88 dB tàbí 90 dB. Bí ẹ bá fún sípíkà náà ní wáàtì 1 péré, tí ẹ dúró ní mítà 1 sí i, bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe ròkè tó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì jókòó sọ kò ju nǹkan bíi 60 dB lọ, nítorí náà wáàtì 1 yẹn nìkan ti pariwo! Bí ẹ bá sì sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, 3 dB péré ló ń fi kún un. Agbára káká ni etí fi ń mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, owó tí ẹ fẹ́ fi kúrò lórí 50 bọ́ sórí 100 wáàtì, ẹ jẹ́ kó lọ sórí sípíkà tó dára.

Àmọ́ orin kì í rìn ní ọgbọọgba. Bí ìyáàlù bá bú jáde lójijì, agbára tí ẹ̀rọ nílò lè di ìlọ́po mẹ́wàá kí ojú tó ṣẹ́. Ańpilifáyà tí kò ní agbára àpamọ́ yóò gé orí ohùn náà kúrò. Ohùn á ya, á máa ha etí, bó bá sì pẹ́, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde lè jóná. Ańpilifáyà NAD 3020 tó jáde ní ọdún 1978 fi bí àpamọ́ ṣe ṣe pàtàkì tó hàn. 20 wáàtì péré ni wọ́n kọ sí i fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì fi ara fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n bí orin bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, ó ní in nílẹ̀. Ó tà káàkiri ayé.

Ẹ wo óòmù pẹ̀lú, ìyẹn òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Bí ańpilifáyà bá sọ pé òun kò gba sípíkà tó kéré sí 8 óòmù, tí sípíkà yín sì jẹ́ 8 óòmù, ẹ má so méjì mọ́ ojú kan náà. 4 óòmù ni wọ́n máa dà, ẹ̀rọ á sì gbóná kọjá ààlà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti tòkunbọ̀. Iná ilé ní Japan jẹ́ 100 fóòtì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230. Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan ki ańpilifáyà tó wá láti Japan bọ iná ògiri. Orin kankan kò jáde. Nǹkan dún pàù, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo yàrá, ẹ̀rọ tó ti ń kọrin fún ọdún pípẹ́ níbòmíràn sì kú sójú wa. Tiránsífọ́mà kékeré tó ń rẹ iná sílẹ̀ ì bá ti gbà á là.

Ẹni tó ń lo bátìrì ìnfátà, kó wá èyí tí wọ́n ń pè ní Class D. Kì í fi iná ṣòfò sínú ooru bíi ti Class AB. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ ká aṣọ léèsì tí Màmá tẹ́ lé e lórí kúrò, kó lè mí. Bí Bàbá bá sì fi rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún yín, ẹ wá ihò tí wọ́n kọ "Phono" sí, torí iná tó ń ti ara abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wá kéré jọjọ sí ti CD.

Orin tí mo mọ̀ dénú ni mo máa ń mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù: àpàlà Haruna Ishola. Ṣáájú orin, mo máa ń gbé etí sún mọ́ sípíkà, bóyá ẹ̀rọ ń kùn bí oyin. Lẹ́yìn náà, mo ní kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó yẹ kí agídìgbo ṣì máa rìn nísàlẹ̀, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa dún lókè, kí ohùn Haruna jókòó sáàárín, kí ẹnikẹ́ni má tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Bí mo bá ṣì ń gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ, ibi tí ohùn rẹ̀ ti tẹ̀ sísàlẹ̀ àti ibi tó ti gòkè, ìgbà náà ni mo máa ń béèrè pé èló ni.