Sísun àti Jíjó: Èdè-Ìperí fún Iná Onílànà nínú Igbó Ọba

Nínú àwọn ìwé pélébé tí a ń kọ fún àgbẹ̀ nípa iná ìgbẹ́, gbólóhùn kan ni ó sábà máa ń gba ipò iwájú: Ẹ má ṣe sun igbó. Ó rọrùn láti kọ, ó sì rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí àwọn onímọ̀ igbó mọ̀ mu délẹ̀délẹ̀. Iná kan wà tí a máa ń dá láti fi dènà iná mìíràn. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè lè fi ya iná méjèèjì sọ́tọ̀. Bí a bá pa wọ́n pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ọba ni yóò jìyà rẹ̀.

Agbègbè Èjìgbò ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Èjìgbò wà ní gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní àríwá Ẹdẹ àti Ìwó, níbi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Èdè wa ti mọ irú ilẹ̀ wọ̀nyí tipẹ́. Ẹgàn ni igbó kìjikìji tí a kò tí ì dá oko sí. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko tí igi ń dá dúró káàkiri lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tí ó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Èjìgbò. Pápá ni ọ̀dàn tí koríko rẹ̀ ti gbẹ tí ó ń dúró de iná. Ní irú ààlà báyìí, iná ni ó sábà máa ń pinnu ibi tí igbó yóò dúró sí.

Ẹ̀rí èyí wà nítòsí. Ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, igbó ọba kan wà tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1929 àwọn òṣìṣẹ́ igbó ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń sun èkíní lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀rùn, ní nǹkan bí oṣù kẹta. Wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn, ní oṣù kejìlá. Wọn kò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Charter àti Keay tẹ àbájáde ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n jáde ní 1960. Ilẹ̀ tí iná kò dé ti di igbó. Èyí tí a ń sun ní ìparí ẹ̀rùn jẹ́ koríko gbalasa, àwọn igi díẹ̀ tí iná kì í tètè pa ni ó kù síbẹ̀. Èyí tí a ń sun ní oṣù kejìlá wà láàárín méjèèjì, igi rẹ̀ sì pọ̀ ju ti èkíní lọ dáadáa. Aubréville ti bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní Kokondékro lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bouaké ní Côte d'Ivoire, orílẹ̀-èdè tí kò ṣàjèjì sí ará Èjìgbò, ní nǹkan bí ọdún 1937. Àbájáde rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà? Ilẹ̀ kan náà ni, koríko kan náà ni, àkókò ni kò dọ́gba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn omi ṣì wà lára koríko. Ọwọ́ iná kì í ga, kì í sì í jó gbogbo ilẹ̀ tán. Nígbà tí ó bá fi di ìparí ẹ̀rùn, ohun gbogbo ti gbẹ gan-an, ọ̀pọ̀ igi sì ti ń rúwé tuntun, ìgbà tí iná lè ṣe wọ́n ní ìjàǹbá jù lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti sun pápá tí ó yí igbó ọba ká ní oṣù kejìlá kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún iná oṣù kẹta láti jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á wá yẹ ọ̀rọ̀ wò. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì fún iṣẹ́ iná lára nǹkan, wọn kò sì jọra. A máa ń sọ pé ilé jó, pápá jó, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Sun kò ṣe é lò bẹ́ẹ̀: ó di dandan kí ẹnì kan wà tí ó sun iṣu tàbí tí ó sun oko. (Ẹni tí ó bá fo àmì ohùn yóò sì sọ sun di sùn, igbó yóò wá máa tòògbé.) Nítorí náà a dá a lábàá pé kí ìjógbó jẹ́ ti iná tí ó ń ṣe ìfẹ́ inú ara rẹ̀, kí ìsungbó sì jẹ́ ti iná tí ó ní olùdarí.

Ṣùgbọ́n sun nìkan kò tó, nítorí pé ẹni ibi náà a máa dáná sunlé. Àwọn kan lè fẹ́ lo iná àmọ̀ọ́mọ̀dá. A kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀ràn ni etí Yorùbá máa ń gbọ́ nínú àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Kì í ṣe èrò ọkàn ẹni tí ó dáná ni ó ya iná yìí sọ́tọ̀, bí kò ṣe pé a ti pinnu ọjọ́, wákàtí, ààlà àti iye ènìyàn kí a tó ṣáná. Ìsungbó onílànà ni a yàn fún iṣẹ́ náà, iná onílànà fún iná fúnra rẹ̀. Iná tí ó bá ti kọjá ibi tí a pa láṣẹ fún un, ẹni yòówù tí ó dá a, iná akọjáààlà ni. Ilẹ̀ tí a ro mọ́lẹ̀ kanlẹ̀ kí iná má baà kọjá ni ààlà-iná.

Ewu wà nínú títúmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí a bá pe sísun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn ní iná kùtùkùtù, àgbẹ̀ yóò jí ní àfẹ̀mọ́jú láti lọ ṣáná, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù, kí ìrì òru lè bá a pa á. Iná ìbẹ̀rẹ̀-ẹ̀rùn àti iná ìparí-ẹ̀rùn ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó burú jù ni kí a pe koríko gbígbẹ àti ewé wíwọ́ tí iná ń jẹ ní epo. Ẹni tí ó bá kà á yóò gbé gálọ́ọ̀nù lọ sí oko. A lè pè é ní ìjẹ-iná, kí a sì sọ̀rọ̀ ìwọ̀n ìjẹ-iná lórí ilẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, òun ni ó ń ṣàlàyé ìdí tí dídènà iná pátápátá fi lè di ewu. Ní Amẹ́ríkà ní 1935, ẹ̀ka igbó ìjọba pàṣẹ pé kí a máa pa gbogbo iná igbó kí ó tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìjẹ-iná ń pọ̀ sí i lábẹ́ igi, wọ́n sì pa àṣẹ náà tì ní àwọn ọdún 1970.

Ní ti afẹ́fẹ́, iná adojúkafẹ́fẹ́ ni èyí tí a mú kí ó máa fà sẹ́yìn lòdì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí: ó lọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ sì kúrú. Iná atẹ̀léfẹ́fẹ́ a máa sáré. Àwọn ọdẹ tí ń sun pápá láti lé ọ̀yà jáde mọ méjèèjì dáadáa, ó sì yẹ kí ẹni tí ń kó èdè-ìperí jọ bi wọ́n léèrè kí ó tó dá ọ̀rọ̀ tuntun.

Ó yẹ kí a fi ààlà sí ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú. Ọ̀dàn àti eteetí igbó ni iná onílànà wà fún, àti oko tíìkì tí igi rẹ̀ ti dàgbà, nítorí pé tíìkì a máa wọ́wé púpọ̀ nígbà ẹ̀rùn. Kò sí irú rẹ̀ fún ẹgàn, kò sì sí fún oko kòkó. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ 1983, iná jó oko kòkó púpọ̀ ní Ghana àti Côte d'Ivoire. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun dà bí àṣẹ fún irú èyí.

Bí a bá fẹ́ tún ìwé pélébé náà kọ fún agbègbè Èjìgbò, a lè kọ ọ́ báyìí: Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná wọ ẹgàn tàbí oko kòkó. Ẹ má ṣe sun pápá lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti mú. Kí ọyẹ́ tó mú, ẹ bá aṣọ́gbó sọ̀rọ̀, ẹ ro ààlà-iná, kí ẹ sì jọ sun pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò le, kí ẹnikẹ́ni má sì kúrò níbẹ̀ títí iná yóò fi kú.